Ìgò Kan, Ihò Imú Méjì

Ó rẹ̀ mí, kí n má purọ́. Ọgbọ̀n ọdún rèé tí mo ti ń tẹrí ba fún maikirosikóòpù, tí mò ń yẹ ẹran ara aláìsàn wò, ọrùn mi ò sì yí dáadáa mọ́.

Dókítà onímú fi ìgò kan ránṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ó kánjú jù. Ó gé ẹran tó hù nímú tíṣà kan, lọ́tùn-ún àti lósì, ó wá da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan. "Imú" ló kọ sára ìgò. Mo pòṣé, mo gé wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà jẹ́ ẹran wíwú lásán. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ; èje gan-an ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Jẹjẹrẹ ni ẹyọ keje.

Mo pe dókítà náà, mo sọ ohun tí mo rí fún un. "Ihò wo lo ti gé èyí?"

"Mi ò rántí, mà. Imú kan náà ṣáà ni."

"Ihò méjì ni Ọlọ́run dá sí i."

Ó ní òun á la apá méjèèjì dé egungun abẹ́ ojú. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà náà fúnra ẹ̀ kanlẹ̀kùn mi. Ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì ṣì wà létí aṣọ ẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́, mà. Bí wọ́n bá la apá méjèèjì, ojú mi á yí padà. Ọmọdé ni mò ń kọ́, ẹ̀rù á bà wọ́n. Apá wo ni, ẹ jọ̀ọ́?"

"A ò mọ̀, Àǹtí. Ẹ má bínú. Ìgò kan ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí."

Ó wò mí bíi pé ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé ni mí. Ó yọ áńkáṣíìfù jáde, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà lára ẹ̀.

"Òsì ni. Ó ti ń ṣẹ̀jẹ̀ láti oṣù mẹ́fà. Ọ̀tún ò ṣẹ̀jẹ̀ rí."

"Ṣé ẹ sọ fún dókítà?"

"Kò bi mí. Ó ní kí n gbójú sókè, kí n má mira."

Mo ní kí dókítà onímú tún gé bíńtín láti ihò kọ̀ọ̀kan, kí ìgò wọn yàtọ̀. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀tún mọ́, òsì ni jẹjẹrẹ náà wà. Òsì nìkan ni wọ́n là.

Wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́. Ojú ń tì mí ni. Abéèrè kì í ṣìnà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń bi ẹran léèrè ọ̀rọ̀, mi ò bi ẹni tó ni ín rí.