Èpìyà Inú Abọ́

Tántì Micheline kì í jẹ ẹja tó bá ti kú kó tó dé ìdí iná. Ìdí nìyẹn tí Huguette fi gbé abọ́ táńganran lọ sọ́jà Koumassi láàárọ̀ Sátidé, tó sì ru èpìyà láàyè bọ̀, tí omi ń ta sí i lọ́rùn ní gbogbo ọ̀nà.

Tántì yìí ló tọ́ Olútóyè, àfẹ́sọ́nà Huguette, dàgbà ní Port-Bouët. Nínú ẹbí wọn, ọmọbìnrin tí wọ́n bá fẹ́ fẹ́ gbọ́dọ̀ pa ẹja, kó họ ìpẹ́ rẹ̀, kó sì sè é lójú àgbà. Bí àgbà bá ní "ó dáa," wọ́n á wá tọrọ ọmọ. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Huguette gbé ọ̀bẹ, ó di ẹja mú. Àgbọ̀n ẹja náà dúdú, ó sì wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Bó ṣe fọwọ́ kàn án ni ẹja náà yanu, tí ohun róbótó-róbótó bíi mélòó kan bọ́ sínú omi.

Huguette sọ ọ̀bẹ nù, ó tú ẹja sílẹ̀ sínú omi.

"Ó gé ọ lọ́wọ́?" ìyá rẹ̀ bi í láti ìdí ata.

"Màmá, ẹyin ló wà lẹ́nu ẹ̀! Bàbá ọlọ́mọ ni."

"Akọ ló gbé ẹyin? Ìwé tí o ń yá kà yìí á yà ọ́ ní wèrè."

"Kì í ṣe inú ìwé àlọ́ o. Ilé ìwé lycée ni wọ́n ti kọ́ wa. Abo á yé e sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sínú ẹrẹ̀ ọ̀sà, akọ á kó o sẹ́nu. Kò ní jẹun títí ọmọ á fi jáde."

"Kò ní jẹun! Bàbá tìrẹ ńkọ́, tó ń jẹ ìpín tìrẹ mọ́ tiẹ̀?"

Huguette ò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé bí ẹ̀rù bá ba ẹja náà jù, ó lè gbé ìyókù mì. Ó da ìró bo abọ́, ó ká ìṣẹ́tí rẹ̀ díẹ̀ kó lè máa yọjú wò ó, ó lóṣòó tì í.

Ìgbà yẹn gan-an ni Tántì Micheline sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí wòrò-wòrò pẹ̀lú Olútóyè, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ìyàwó mi dà?" Tántì ké láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹja mi ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́!" ni Huguette wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àna? Ojú Tántì le koko. Ó rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀ kó lè rí ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ bú òun.

Nínú òkùnkùn abọ́ náà, èpìyà rọra sún mọ́ ẹyin kan. Ó fẹnu gbé e. Ó sinmi. Ó tún gbé òmíràn.

"Ìyá ẹ̀ nìyẹn?" Tántì ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ wàyí.

"Bàbá ni, Tántì."

"Bàbá!" Ó wo Olútóyè. "O rí i? Ó panu mọ́ nítorí ọmọ."

Nígbà tí ẹyin tán nílẹ̀ abọ́, Huguette kúnlẹ̀. "Ẹ forí jì mí. Mi ò lè pa á. Ẹ jẹ́ kí n dá a padà."

Tántì nàró. Ó ní kí Olútóyè gbé abọ́, kó rọra. Wọ́n rìn lọ sétí ọ̀sà, níbi tí gbòǹgbò igi ti wọnú omi, tí omi iyọ̀ ti ń pàdé omi òjò, wọ́n rọra tẹ abọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Èpìyà lọ. Kò dúpẹ́.

Atiẹkẹ, ẹ̀gẹ́ rírin tí wọ́n fi ooru omi sè, àti ẹja dídín ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n jẹ lọ́sàn-án, nínú ewé. Ìyá Huguette ń fọwọ́ tú atiẹkẹ tiẹ̀ kiri inú ewé. Ojú Tántì ló ń wò. Tántì jẹ, ó fọwọ́ nu ẹnu. Kò sọ pé ó dáa, nítorí kò dáa, ẹja ti gbẹ jù.

"Ìyá Huguette," ó ní, "ọmọ yín ò mọ ẹja pa."

"Tántì, ẹ má bínú—"

"Mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Àwa la máa bá a pa á. Sátidé wo lẹ rò pé ká wá tọrọ ẹ̀?"

"Èyí tó ń bọ̀!" ni ìyá Huguette dáhùn, tòun ti atiẹkẹ lẹ́nu.