Ilẹ̀ Nìkan Ló Mọ̀

Alágbàárù ni bàbá mi kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀, kò sì yé fi iṣẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà látàárọ̀, kí ló ń rù?" Ó máa ń bí mi nínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń tì í lẹ́yìn kó lè dìde jókòó, mo dá a lóhùn.

"Páànù òrùlé ni mò ń gbé ẹrù lé nínú kọ̀ǹpútà, Bàbá, kí n lè mọ bó ṣe máa tẹ̀. Bí páànù bá tẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń tì í á yí tẹ̀lé e, bí ọwọ́ mi ṣe ń yí tẹ̀lé ẹ̀yìn yín yìí. Ṣùgbọ́n àpò sìmẹ́ǹtì tí a bá so kọ́ ọ, bó ti wù kí páànù tẹ̀ tó, kò ní yí, ìsàlẹ̀ ló máa fà á sí; ilẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pe èkejì, irọ́ ni kọ̀ǹpútà máa pa fún un."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Afẹ́fẹ́, rọra tì mí o."

Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn látìgbà náà.

Lánàá, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìṣe mi. Ara rẹ̀ ti tutù. Mo tì í, mo yí ọwọ́, mo tún tì í.

Ilẹ̀ nìkan ló mọ̀.