Ẹni Tó Lọ Pọnmi

Bí ó bá jẹ́ pé ìtìjú ni wọ́n fi ń jẹ oyè, ọ̀gá tó ń darí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun náà ìbá ti jọba tipẹ́. Kò sí ibi tó ti sọ̀rọ̀ tí kì í sọ pé ojú ń ti òun nítorí ohun tí ọmọ ènìyàn fi ojú ọmọ ènìyàn rí láyé òwò ẹrú. Ó mọ ibi tí ó yẹ kí ohùn òun há, ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí aṣọ ìnujú jáde lápò, ó sì mọ̀ pé ojú òsì ló yẹ kí òun máa nù, torí pé apá ọ̀tún ni àwọn ayàwòrán sábà máa ń dúró sí. Ìtìjú gbogbo ayé ló ń gbé kiri. Ìtìjú gbogbo ayé kì í sì í wúwo.

Ọ̀gá Ìrántí ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè é lẹ́yìn. Ó gbọ́ ọ, ó sì wù ú.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò ló sọ di ilé tí ẹsẹ̀ ń dún gbìn-gbìn nínú rẹ̀. Ó kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sínú àpótí gíláàsì. Ó ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkùnkùn kan tí ẹ̀rọ ti ń sọ̀kò ìró òkun síni létí. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn àbáwọlé ni ó fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni ó gbé àga Bàbá Àgbà kalẹ̀ sí, bàbá tó bí bàbá bàbá rẹ̀. Iná kan ń tàn sórí rẹ̀ látòkè bí ẹni pé ọ̀run ló ń wò ó. Àkọlé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni: *Àga ẹni tó ń ra ẹrú, tó sì ń dá wọn sílẹ̀.* Bí mínísítà bá wá ṣílé lọ́jọ́ Sátidé, orúkọ Bàbá Àgbà ni wọn yóò fi pe gbọ̀ngàn náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday, káfíńtà ń tú igi kiri.

"Tépù tí mo fi ń wọn igi dà? Ọwọ́ mi ló wà báyìí báyìí!"

"Ó ti lọ pọnmi," ni ọ̀gá wí.

"Kí ni tépù fẹ́ fi omi ṣe, sà?"

"Bá a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa nìyẹn. Ohun tó bá ti sọ nù tí a ò ní rí mọ́, ó ti lọ pọnmi."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Kó tó di ọ̀sán, ìgbálẹ̀ ti lọ pọnmi, kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti lọ pọnmi, akọ̀wé tó pẹ́ dé láti ibi oúnjẹ náà ti lọ pọnmi. Inú ọ̀gá dùn. Kò wọ́pọ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ máa tún àwàdà ọ̀gá sọ láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ gba àyè.

Lọ́jọ́ kejì ni Ìyá Àmì dé. Àbúrò bàbá ọ̀gá ni. Ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ni ní gírámà, ó sì ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n báírò pupa kò fẹ̀yìn tì lápò rẹ̀. Ìwé ìpè ìgbéyàwó kan rèé tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ rí, ló bá dá a padà fún ọkọ ìyàwó. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló fún ìwé náà. Ọ̀gá ní kó wá bá òun wo àmì ohùn orí àwọn àkọlé kí àwọn ọ̀tá má baà rí nǹkan sọ.

Ó dúró níwájú ògiri tó tóbi jù. Lẹ́tà gàgàrà ni wọ́n fi kọ ọ́: WỌ́N KÓ WỌN. WỌ́N DÈ WỌ́N. WỌ́N TÀ WỌ́N.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni, Àǹtí."

"Mo fura." Ó sún mọ́ ọn. "Àmì ẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n arọ́pò-orúkọ ni 'wọ́n.' Orúkọ ta ló rọ́pò?"

"Àwọn olówò ẹrú ni, Àǹtí."

"Àwọn wo nínú wọn?"

"Àwọn tó fi ọkọ̀ ojú omi wá."

"Àwọn yẹn ò kúrò nínú ọkọ̀, ẹ̀fọn ń dẹ́rù bà wọ́n. Ta ló mọ ọ̀nà odò fún wọn? Wò ó, ẹni tó tà, 'wọ́n.' Ẹni tí a tà, 'wọ́n.' Ẹni tó bá wọlé síbí á rò pé ṣe ni wọ́n ta ara wọn."

"Ọgbọ́n ìkọ̀wé ni, Àǹtí. Ó ń múni lọ́kàn."

"Kò mú mi lọ́kàn. Ó kàn bo olè láṣírí ni."

Ó kọjá sídìí àga. Ó ka àkọlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ẹ̀rín sì bú lẹ́nu rẹ̀ débi pé ìgò ojú rẹ̀ yọ̀ sórí imú.

"Ta ni wọ́n dá sílẹ̀?"

"Bàbá mi ló sọ fún mi bẹ́ẹ̀."

"Bàbá ẹ ń tọ́ ọmọ ni, kò sọ pé òun ń kọ́ ẹ ní ìtàn. Bàbá Àgbà dá ẹnì kan sílẹ̀? Ajá wọn gan-an, orí okùn ló kú sí." Ó nu omi ojú ẹ̀rín. "Ṣé o ò mọ̀ ni? Àbúrò wọn kan kú, ó fi ọmọ kan sílẹ̀. Wọ́n pè é láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ìkòkò lé e lórí, wọ́n ní kó lọ pọnmi. Àwọn tí wọ́n ti bá dúnàádúrà ti wà létí odò. Wọ́n tà á. Wọ́n wá rán èèyàn lọ gbé ìkòkò wálé, torí ìkòkò wọ́n nígbà yẹn."

Ó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ọmọ rere ṣe ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ọ̀wọ̀ yẹn gan-an ló gún ọ̀gá lọ́kàn. Nínú gbólóhùn Àǹtí, ẹni tó tà pọ̀ bí èrò ọjà: wọ́n, wọ́n, wọ́n. Ẹni tí a tà kò ju fáwẹ̀lì kan ṣoṣo lọ.

Etí rẹ̀ gbóná. Ó rántí tábìlì oúnjẹ ilé wọn. Bí ṣíbí bá sọ nù, ẹnì kan á ní ó ti lọ pọnmi, gbogbo ilé á sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣì kéré, ó bèèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ta ló lọ pọnmi?" Gbogbo ọwọ́ dúró lójú àwo. Bàbá rẹ̀ ní, "Jẹun." Ó sì jẹun. Láti ọjọ́ náà, kò bèèrè mọ́. Òun gan-an ló tún máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé kò mọ̀. Ó mọ̀, ó sì jẹun lé e lórí.

"Ojú ń tì ẹ́?" Ìyá Àmì ń wò ó tìyanutìyanu. "Ìwọ tó ò ń bá gbogbo ayé tijú?"

"Àǹtí, mínísítà ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

"Tó bá ń bọ̀ ńkọ́? Fi pátákó ẹ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. Àbí o fẹ́ bu tìẹ fún mínísítà ni?"

Ọ̀gá kúrò níwájú rẹ̀. Ó fẹ́ jókòó, ìdí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àga Bàbá Àgbà kó tó fò dìde bí ẹni tó jókòó lé iná. Ó wá aṣọ ìnujú, ó rí i. Ó wá omijé tí kì í jáfara bí omi ẹ̀rọ, kò rí i. Bó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ìtìjú yìí kì í ṣe ti gbogbo ayé. Tirẹ̀ ni, ó sì wúwo.

Lọ́jọ́ Friday, ọ̀gá ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ ara ògiri ńlá náà rẹ́. Ó yọ àkọlé ẹsẹ̀ àga, ó sì yọ orúkọ Bàbá Àgbà kúrò lára gbọ̀ngàn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ní kí wọ́n kọ sára ògiri náà, ní ọ̀kánkán àga: BÀBÁ ŃLÁ MI LÓ TÀ Á. Ó kọ orúkọ Bàbá Àgbà sábẹ́ rẹ̀ ní kíkún, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun bo olè láṣírí. Ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀, pẹ̀lú oyè ẹ̀kọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Sátidé pé. Mínísítà ka ògiri náà, ó yíjú padà, ó sì dì mọ́ ọ̀gá níwájú gbogbo èèyàn. "Akọni ni yín! Ta ló lè ṣe irú èyí?" Àwọn èèyàn tò láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Oníròyìn àkọ́kọ́ bi í léèrè, ó dáhùn wúyẹ́wúyẹ́. Ìkejì bi í, ohùn rẹ̀ ti ròkè díẹ̀. Nígbà tí yóò fi kan ẹkẹrin, ó ti mọ ibi tí ó yẹ kí ohùn òun há. "Kò rọrùn," ó ní, ó sì dákẹ́. Aṣọ ìnujú jáde. Ojú òsì ni ó nù.

Obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì ti dúró síwájú ògiri náà fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní. "Mo rí orúkọ bàbá. Mo rí tiyín. Ọmọ náà ńkọ́? Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ọ̀gá ya ẹnu. Orúkọ kan ṣoṣo ni ilé wọn mọ ọmọ náà sí, ó sì ti dé orí ahọ́n rẹ̀: ẹni tó lọ... Ó gbé e mì. Ó wo Ìyá Àmì, tó ń fi báírò pupa bá ìwé ètò ọjọ́ náà jà ní igun gbọ̀ngàn.

"Àǹtí, kí lorúkọ ẹ̀?"

Ìyá Àmì la ẹnu, ó pa á dé. Kò sẹ́ni tó rí ìyẹn rí. Ó wo ògiri, ó wo Á tó dá dúró níparí gbólóhùn, ó gbé báírò sókè, kò sì mọ ibi tí yóò fi kàn.

"A ò bèèrè," ó ní.

Nọ́ọ̀sì ṣì kọjú sí ọ̀gá. Ó kàn ń dúró de ìdáhùn, bí ẹni tó bèèrè orúkọ aláìsàn tó fẹ́ kọ sílẹ̀. Ọ̀gá fẹ̀yìn rìn, ó rìn títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkùnkùn, níbi tí ẹ̀rọ ti ń sọ̀kò ìró òkun. Ó gbọ́ ohùn mínísítà láti gbọ̀ngàn.

"Ọ̀gá dà? Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò ìkẹyìn, mo fẹ́ máa lọ."

Káfíńtà ló dáhùn, pẹ̀lú ìdùnnú ẹni tó ti ń wá àyè àwàdà láti àárọ̀.

"Wọ́n ti lọ pọnmi o, sà!"

Gbogbo òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Mínísítà náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn mà dùn o, òun á máa lò ó. Ọ̀gá fọwọ́ ti ògiri nínú òkùnkùn, kò lè jáde. Ó mọ ẹni tó kọ́ wọn.