Ọjọ́ Tí Dagna Jókòó Lé Adé Lẹ́yìn Mi

Mi ò ní parọ́ fún yín, ìdí mi tóbi. Ìdí ńlá yìí ló fún mi ní ipò nínú Ẹgbẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ìtọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ipò náà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé. Ìwé mẹ́ta ni *Adé Inú Ẹrẹ̀*, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn bí búlọ́ọ̀kù. Ní ilé ìkàwé ìlú Duluth, nínú yàrá tó kọjú sí adágún, èmi àti àwọn mẹ́rin mìíràn ti ń kà á sókè ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Tí a bá parí ìwé kẹta, a ó padà sí ojú ewé àkọ́kọ́ bí ẹni tí ò mọ ohun tó ń bọ̀. Oníkálùkù ló ní ẹni inú ìwé tó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Merle Tofte, bàbá tó fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́ ní èbúté, òun ló ń ka ọ̀rọ̀ Ilva, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún tó jogún adé. Ohùn Merle dà bí fèrè ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n ẹ má rẹ́rìn-ín o. Níbi tí Ilva bá ti sunkún, omi á dà lójú òun náà.

Èmi ni Dagna.

Arúgbó kan ni Dagna, ó ń sin pẹ́pẹ́yẹ nínú àbàtà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ọ̀tá ń lé Ilva kiri nítorí adé, Dagna gba adé lọ́wọ́ ọmọ náà, ó gbé e sórí àpótí, ó sì jókòó lé e. Ọ̀gágun wọn wá dúró lé e lórí. "Dìde." Dagna ní, "Orúnkún ń dùn mí. Ìwọ tí ìyá ẹ fún lọ́mú yó, wá gbé mi dìde." Ojú ewé mẹ́jọ ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ náà, Dagna ò sì dìde. Kò sí idà, kò sí oògùn, ìdí nìkan. Tí àwọn olólùfẹ́ ìwé yìí bá kóra jọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn yòókù tó múra bí Dagna á di ìrọ̀rí mọ́ abẹ́ yẹ̀rì. Èmi kì í di nǹkan kan. Ọlọ́run ti bá mi dì í.

Ẹni tó ń ka ọ̀gágun ni Ardis Bjorkman. Èmi àti Ardis la jọ ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún méjìlélógún, a ti jọ jóná lọ́wọ́, a ti jọ sin ọkọ. Tó bá sọ pé "Dìde" fún mi ní Ọjọ́bọ̀, àyà mi máa ń já, èmi tí mo mọ̀ pé yóò gbé mi délé tí a bá ṣe tán.

Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ fi ìwé wa ṣe fíìmù. Wọ́n gbé ìpolówó rẹ̀ jáde, ìṣẹ́jú méjì àbọ̀: idà, iná, Ilva tí eyín rẹ̀ funfun bíi wàrà. Mo wò ó ní ìgbà mọ́kànlá. Kò sí Dagna níbẹ̀.

"Wọ́n ti yọ ọ́," mo ní ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. "Wọ́n yọ Dagna bí ẹni yọ egungun ẹja."

"Ìpolówó lo rí, o ò tíì rí fíìmù," Ardis ní. "Wọn ò sì lè kó gbogbo ìwé síbẹ̀, àfi tí o bá fẹ́ ká jókòó sí sinimá di Kérésì."

"Wò ó, ọ̀dàlẹ̀ ni ẹ́."

"Ta ni ọ̀dàlẹ̀?"

"Ẹni tó dá mi lóhùn."

"Ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí," Merle dá sí i, "ẹ jọ̀ọ́, Ilva fẹ́ sọ̀rọ̀."

Ardis bọ́ awò ojú rẹ̀, ó pa á dé. "Lavonne, tí o bá tún pè mí bẹ́ẹ̀, níbikíbi, lọ wá ẹlòmíì tí á máa ka ọ̀gágun fún ẹ." Kò pariwo. Ẹni tó ń pariwo, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó rọra sọ ọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù. Mo bẹ̀rù, mo sì ṣí ìwé mi.

Fíìmù dé ní oṣù kìíní, ọjọ́ Sátidé, aago kan ọ̀sán. Òtútù ọjọ́ náà lè fọ́ eyín, síbẹ̀ èrò tò yí ilé sinimá po. Àwọn tó múra bí ọba tó mẹ́fà lórí ìlà. Dókítà eyín mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìrù ìkookò. Obìnrin kan gbé pẹ́pẹ́yẹ tòótọ́ wá, wọ́n ní pẹ́pẹ́yẹ ò ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní òun á rà fún un, wọ́n ní rárá. Èmi wọ aṣọ Dagna: yẹ̀rì márùn-ún léra wọn, okùn ní ìbàdí ní ìgbà méje, bí ìwé ṣe wí. Mi ò yọ ọ̀kankan kúrò. Britta, ọmọ ọmọ mi, ló bá mi so ó. Mo mu kọfí méjì nítorí òtútù, mo sì tún gba ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tí ife rẹ̀ tó garawa, nítorí pé àgbà ni mí, mi ò sì lọ́gbọ́n.

Kí n sọ òótọ́, fíìmù náà dára. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Ilva jáde pẹ̀lú irun dúdú, gbogbo ilé kérora. Ẹnìkan lọgun látẹ̀yìn pé, "Irun pupa ni! Ojú ewé kẹsàn-án!" Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dáná sun afárá, àwọn tó kérora yẹn náà ló pàtẹ́wọ́ jù.

Ibi afárá yẹn ni ìtọ̀ ti mú mi.

Mo ṣírò. Mo mọ ìwé yìí ju bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn ọmọ mi lọ. Orí keje ni afárá. Orí kejìlá ni àbàtà. Àárín wọn ni ẹ̀wọ̀n, ìgbéyàwó, ìkookò àti lẹ́tà ayaba. Orí mẹ́rin gbáko! Mo lè tọ̀, kí n fọwọ́, kí n kí gbogbo ará ìlú, kí n sì padà kí Dagna tó jí lójú oorun.

"Mò ń bọ̀," mo sọ fún Britta.

"Màmá àgbà, ṣé ẹ ò lè mú un mọ́ra díẹ̀?"

"Ìtọ̀ arúgbó kì í gba ẹ̀bẹ̀, ọmọ mi."

Ẹ má bi mí bí ó ṣe rí níbẹ̀. Okùn ìgbà méje, tí Britta fi gbogbo agbára èwe so. Mo ń tú u, mo ń jó, mo ń bẹ Ọlọ́run. Yẹ̀rì kẹta kó sábẹ́ ìkejì. Mo bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù, ó sì tún wá ku kí n so gbogbo rẹ̀ padà.

Nígbà tí mo wọlé, Ilva ti wà lórí òkè, adé ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ẹ̀hẹ́n, wọ́n ti da ìwé rú. Britta fẹnu sí mi létí. "Màmá àgbà, ẹ ò rí..."

"Panu mọ́." Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú sinimá burú ju olè lọ.

Mo wá ń retí àbàtà. Ẹ̀wọ̀n dé, ó kọjá. Ìgbéyàwó dé. Ìkookò dé, ó kú. Lẹ́tà dé. Iná tàn, fíìmù parí.

Mo dìde. "Dagna dà?" Gbogbo ilé gbọ́. "Mo ní Dagna dà?"

"Ẹ bá wọn wí, ìyá!" ni ọkùnrin kan tó gbé idà fóòmù lọ́wọ́ dáhùn, àwọn mìíràn sì pàtẹ́wọ́. Ní ìlà méjì níwájú, Ardis yí padà sí mi. Ojú rẹ̀ ń dán, ó ti lanu láti sọ̀rọ̀. Mo ti rò pé mo mọ ohun tó fẹ́ sọ.

"Ọ̀dàlẹ̀," mo ní, níṣojú àwọn ọba mẹ́fà. Mo sì gbọn yẹ̀rì mi, mo bá tèmi lọ.

Aago márùn-ún ò tíì lù tí mo fi kọ ọ́ sójú ewé àwọn olólùfẹ́ ìwé wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní wọ́n ti pa Dagna. Mo ní àwọn kan láàárín wa sì ń pàtẹ́wọ́ fún apànìyàn. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló ní òótọ́ ni mo sọ, ìdajì wọn ò sì tíì wo fíìmù. Ẹnìkan tilẹ̀ kọ ọ́ pé, "Òótọ́ ni ìyá, èyí tí wọ́n fi síbẹ̀ yẹn kì í ṣe Dagna." Mo ní ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni.

Fóònù dún. Britta ni.

"Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn rẹ́."

"Kí ló dé? Òótọ́ ọ̀rọ̀ korò ni."

"Dagna wà nínú ẹ̀."

"Níbo?"

"Lẹ́yìn afárá. Ìgbà tẹ́ ẹ lọ tọ̀."

Mo jókòó. "Orí kejìlá ni!"

"Wọ́n gbé e síwájú, Màmá àgbà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Bàbá Merle sunkún."

"Ó jókòó lé adé?"

"Ó jókòó lé e."

Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́, ṣùgbọ́n kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì tó lè bá mi pa ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ rẹ́. Mo pe Ardis, kò gbé e. Ní Ọjọ́bọ̀, àga rẹ̀ ṣófo. Merle ní òun á fi ọ̀gágun kún Ilva. Ó bú mọ́ ara rẹ̀, ó tún bẹ̀rù ara rẹ̀, gbogbo rẹ̀ nínú ohùn kan náà. "Dìde," ó ní fún mi. Àyà mi ò já. Ó dà bí ọbẹ̀ tí a gbàgbé iyọ̀ sí.

"Lavonne," ó ní, ó pa ìwé dé, "lọ bẹ ìyá yẹn. Mi ò lè máa sunkún kí n tún máa lé ara mi."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo bá Ardis lójúde rẹ̀, ó ń fi ṣọ́bìrì fọ́ yìnyín lórí àtẹ̀gùn. Kò dúró.

"Mo wá tọrọ àforíjì."

"Wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí yìnyín má bàá ta sí ẹ lójú."

"Mo wà nílé ìtọ̀, Ardis."

"Mo mọ̀." Ó sán ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀. "Gbogbo ìlú ló rí ẹ tí o ń sáré. Ṣé o rò pé nítorí orúkọ tí o pè mí nìkan ni? O ti pè mí ní nǹkan tó burú jù ú lọ nínú ilé ìdáná yẹn."

"Ìgbà tí o da iyọ̀ sínú kọ́sítáàdì ni."

"Má pa mí lẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń dúró lé ẹ lórí, tí mò ń sọ pé 'Dìde.' Nígbà tí arúgbó yẹn yọ pẹ̀lú àwọn pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀, mi ò tilẹ̀ wo fíìmù mọ́. Mo yíjú kí n lè rí ojú ẹ. Àga lásán ni mo rí. Mo ní ó dáa, tó bá tán, mà á sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo yíjú lẹ́ẹ̀kejì, o sì fi ọ̀rọ̀ yẹn lù mí lẹ́nu."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàtà fọ́ yìnyín.

"O kọ ọ́ fún ayé pé a pa Dagna," ó ní. "Kọ ibi tí o wà fún wọn."

"Gbogbo ayé?"

"Gbogbo àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún ẹ."

Mo kọ ọ́. Lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti kọ ọ́, ìka mi dì: "Èmi Lavonne Kettunen, Dagna ti ìlú Duluth, mo jẹ́wọ́ pé ìgbà tí Dagna ń jókòó lé adé, èmi ń jókòó sí ilé ìtọ̀. Ardis Bjorkman kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Òmùgọ̀ ni mí." Ó kà á látorí èjìká mi. Ó ní kí n tún fi okùn kún un. Mo fi okùn kún un.

Àwọn èèyàn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ibí dé Winnipeg ní Kánádà. Ọkùnrin onídà fóòmù kọ ọ́ pé òun tó gbè mí lẹ́yìn ló yẹ kí ó lọ fọ ojú. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi dùn mí, nítorí kí ni n ó tún ṣe?

Ardis ò tíì sọ pé òun á padà. Ohun tó sọ ni pé wọ́n ń fi fíìmù náà hàn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mọ́kànlá òwúrọ̀, kí n wọ ṣòkòtò, kí n má sì mu nǹkan kan.

Èèyàn mẹ́rin péré la wà nínú sinimá. Ọ̀fun mi gbẹ bí iyanrìn. Afárá jóná. Ìkùukùu bo ojú fíìmù, pẹ́pẹ́yẹ kan ké, òmíràn ké, arúgbó kan sì fi ọ̀pá ti ọkọ̀ pẹlẹbẹ jáde láti inú rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́! Mo fẹ́ bú wọn. Ṣùgbọ́n ó gba adé lọ́wọ́ ọmọ náà, ó wò ó bí ẹni wo ìkòkò tó ń jò, ó gbé e sórí àpótí, ó sì jókòó lé e pẹ̀sẹ̀. Mo gbàgbé èébú.

Ọ̀gágun dúró lé e lórí. "Dìde," ó ní. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan láti iwájú, lẹ́ẹ̀kan wúyẹ́wúyẹ́ létí mi. Àyà mi já. Kí n tó mọ̀, ẹnu èmi náà ti ń sọ ti orúnkún, ti ìyá, ti ọmú.

Mo yíjú. Ardis ò wo fíìmù. Èmi ló ń wò.

"Wo iwájú jàre," mo ní. Ikun imú ti dé ètè mi.

"Mo ti rí ìyẹn," ó ní. "Ìwọ ni mi ò tíì rí."

Mo na ike gúgúrú sí i, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ, ojú rẹ̀ ò kúrò lára mi títí àwọn ọmọ ogun fi lọ.