Pẹ́ńsùlù Létí Ìwé

Labeebah gbé ìwé náà sórí tábìlì mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi wo Gẹ̀ẹ́sì inú eléyìí. Ó ń yí mi lórí."

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni, àwọn ọmọ lẹ́sìn yòókù kò tíì dé. Láti ìgbà tí mo ti kó wá sí Alápẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní Gẹ̀ẹ́sì nínú pálọ̀ mi, Labeebah sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá. Ó ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí. Hidayat, ìyá rẹ̀, ń bá wọn ṣa ata ní ọjà Mile 12, agbára yunifásítì kò sì sí níbẹ̀. Nígbà tí ọ́fíìsì kan ní Ìkòsì wá kéde pé àwọn yóò mú ọ̀dọ́ díẹ̀, pé àwọn yóò kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, ọmọ náà kò tún rí oorun sùn mọ́. Sátidé yìí ni ìdánwò ìwọlé.

Ìwé kóòdù náà nípọn, wọ́n fi ìwé kàlẹ́ńdà dì í lẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ Kàmọ́rù tó ń ta ìwé àlòkù lábẹ́ bíríìjì Kẹtu ló ti rà á. Kò ní kọ̀ǹpútà. Orí fóònù rẹ̀ tí gíláàsì rẹ̀ ti sán ló ti ń dán ohun tó bá kà wò.

Mo ṣí i síbi tó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan há. Létí ojú ewé náà, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ pé: Baba ti gbagbe.

Mo pa ìwé náà dé.

"Kí ló dé, Mà? Àbí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ le ju tiyín náà lọ ni?"

"Jẹ́ kí n lọ mú awò mi."

Awò wà lójú mi. Mo wọ yàrá, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn. Mo mọ ìrù lẹ́tà g rẹ̀ tó máa ń ká bí ìwọ̀ ẹja. Mo mọ̀ pé kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, nítorí a ti jà sí i títí ó fi sú wa. "Akínbíyì, ṣé ọ̀rọ̀ kì í ní ohùn lọ́dọ̀ tìrẹ ni?" Á ní, "Mọ́mì, kọ̀ǹpútà ò kọrin."

Akínbíyì nìkan ni mo bí. Ibà mú un ní ọjọ́ Ìsinmi, kò jẹ́ kó rí ọjọ́ Ẹtì. Mi ò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Bí ọmọ bá ṣáájú òbí, wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ̀. Bọ̀ọ̀dá mi Adétúnjí ló kó yàrá rẹ̀, aṣọ, bàtà, ìwé, gbogbo rẹ̀ pátá, ó ní ojú mi kò gbọdọ̀ tún kàn wọ́n. Mi ò bèèrè ibi tó kó wọn lọ. Àwọn ará àdúgbò wa ní Anthony, tí wọ́n ń pè mí ní Ìyá Bíyì tẹ́lẹ̀, wá ń pè mí ní Mà. Àánú mi ló ń ṣe wọ́n. Nígbà tí mi ò lè fara da àánú náà mọ́ ni mo kó wá síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí, tí wọ́n ti ń pè mí ní Mọ́mì Lẹ́sìn.

Mo bọ́jú, mo padà sí pálọ̀.

"Ẹ wò ó, Mọ́mì. Ìwé ní kí n pín ọsàn méje fún ọmọ méjì. Ó ní mẹ́ta mẹ́ta ló máa kàn wọ́n, ọ̀kan á ṣẹ́kù. Mo kọ ọ́ bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, fóònù ní mẹ́ta ààbọ̀. Ta ló ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì?"

"Nígbà wo ni wọ́n tẹ ìwé yìí?"

Ó ṣí iwájú rẹ̀. "Yéè! Wọn ò tíì bí mi."

"Kí ni wọ́n kọ sétí ẹ̀ yẹn?"

"Ẹ má dá a lóhùn jàre. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló ń fi yẹ̀yẹ́ ba ìwé jẹ́. Mo ti ń fi írésà pa á rẹ́ bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá Kàmọ́rù ní tí mo bá dá a padà ní mímọ́, àwọn á fi apá kejì ẹ̀ pààrọ̀ fún mi."

Mo gba ìwé náà, mo ń ṣí i padà sẹ́yìn. Funfun. Funfun. Ìdọ̀tí írésà ṣì há sí ààrin àwọn ojú ewé. Èmi ni mo kọ́ ọmọ mi pé wọn kì í fi báírò kọ nǹkan sínú ìwé, pé pẹ́ńsùlù ni, kó sì rọra tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nílé ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù.

"Má pa á rẹ́ mọ́."

Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ó wò mí.

"Ka ìyókù ohun tó kọ," mo ní.

Ó gbé ìwé súnmọ́ ojú. "Baba ti gbagbe. Won ti yi eyi pada. Ila ipin meji ni ki o fa, ma fa eyo kan." Ó kùn díẹ̀. Ó fa ìlà kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti wà lórí fóònù, ó tẹ̀ ẹ́.

Mẹ́ta.

"Áà! Mọ́mì!" Ó fò dìde, ó jó láàárín àwọn àga. "Bọ̀dá Pẹ́ńsùlù, ẹ má bínú sí mi o! Ìwé ni wọ́n ń pè ní Bàbá, àṣé! Wọ́n ní bàbá arúgbó ti gbàgbé nǹkan!"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ àwàdà Akínbíyì.

Láti ìgbà náà, etí ìwé ló máa ń kọ́kọ́ kà kó tó ka àárín rẹ̀. Á wọlé lọ́sàn-án, á ní, "Mọ́mì, Bọ̀dá Pẹ́ńsùlù ní Bàbá tún ti ṣìnà," a ó sì jókòó tì í, èmi pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, òun pẹ̀lú fóònù. Ohun tí fóònù bá kọ̀, tó yí i sí pupa, etí ìwé la ti máa ń rí ìdí rẹ̀. Àmọ́ bí ó bá ti tó àkókò tí ọmọ náà máa lọ, mi ò ní fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé náà. Mo máa ń wo ìwé náà bó ṣe ń wọ inú báàgì rẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé, fi sílẹ̀ níbí. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, á bi mí pé kí ló dé. Bí ó bá sì mọ ìdí rẹ̀, ìyá wo ni yóò jẹ́ kí ẹrù ọ̀dọ́ tó kú wà nínú yàrá kan ṣoṣo tí òun àti ọmọ òun ń sùn? Wọn á jù ú nù. Ìwé á lọ, ìdánwò á lọ. Mo bá gbé ẹnu mi dákẹ́.

"Bọ̀dá Pẹ́ńsùlù á ti wà ní Kánádà báyìí," ni Labeebah wí ní Ọjọ́rú, ẹ̀pà lẹ́nu. "Irú wọn kì í pẹ́ níbí. Wọ́n á ti sanra. Wọ́n á ti fẹ́ òyìnbó."

"Kò fẹ́ràn òtútù," ni mo sọ kí n tó mọ̀.

"Ta ni, Mà?"

"Mo ní ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò fẹ́ràn òtútù."

Ó gbọn èèpo ẹ̀pà dànù lára. "Mo máa ní kí Bọ̀dá Kàmọ́rù bá mi wá wọn. Wọ́n á mọ ẹni tó kó ìwé wá bá wọn."

"Ṣe ìdánwò rẹ ná, Labeebah. Ọ̀rọ̀ mìíràn á tẹ̀ lé e."

"Ẹ sì ń pariwo mọ́ mi, Mọ́mì."

Mi ò mọ̀ pé mo pariwo. Ní Ọjọ́bọ̀ kò wá. Mo dúró lójú fèrèsé títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé ó ti lọ bá Kàmọ́rù lábẹ́ bíríìjì Kẹtu.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ẹsẹ̀ méjì ni mo gbọ́ lórí àtẹ̀gùn. Hidayat ló ṣáájú. Kò tíì bọ́ aṣọ ọjà, òórùn ata bá a wọlé. Ó fi ìka méjì mú ọ̀rá dúdú kan lọ́wọ́ bí ẹni mú eku. Labeebah dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú ti wú.

"Mọ́mì Lẹ́sìn, ẹ kú ọ̀sán, mà. Mi ò ní jókòó."

"Ìyá Labeebah, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìwé òkú lọmọ mi ń kà! Kàmọ́rù ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Ó ní ọmọkùnrin kan ló ni ín, pé ó kú ní rèwerèwe, pé àwọn ẹbí ẹ̀ kó ẹrù ẹ̀ wá dà sọ́dọ̀ òun. Ẹ wò ó, Mà, orí bẹ́ẹ̀dì tá a jọ ń sùn ló ń gbé e sí!"

"Màámi, ọ̀la ni! Mọ́mì, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ó ku ibi kan tí mi ò tíì kà."

"Pa ẹnu dé! Ta ló mọ ohun tó pa á? Ta ló mọ̀ bóyá ó ń wá ẹrù ẹ̀ kiri? Ìwọ nìkan ni mo ní." Ó yíjú sí mi. "Mo ní kó wá gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni, torí ó máa ń gbọ́ tiyín. Mo ti ń gbé e lọ síbi ààtàn."

Mo na ọwọ́ sí ọ̀rá náà. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lẹ́nu mi, ó rọrùn, ó dùn ún gbọ́: Ẹ gbé e wá, màá bá yín jù ú nù. Hidayat ìbá dúpẹ́. Yóò sọ̀kalẹ̀, èmi yóò tilẹ̀kùn, ìwé náà yóò sì di tèmi, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ láéláé. Ó ti ń gbé e bọ̀ sí mi lọ́wọ́ pàápàá. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí Labeebah. Kò sunkún mọ́. Ó kàn ń wo ọ̀rá náà bí mo ṣe ń wò ó.

"Ibà ló pa á," ni mo wí.

"Mà?"

"Ibà ni. Kò sì wá nǹkan kan kiri. Nígbà tó wà láyé, kì í lè wá bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀. Èmi ni mo máa ń bá a wá a."

Hidayat fa ọ̀rá náà mọ́ra padà.

"Akínbíyì ni orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo bí i."

Labeebah fi ọwọ́ bo ẹnu. Hidayat tó ní òun kò ní jókòó rọra jókòó sílẹ̀, lórí símẹ́ńtì, ọ̀rá náà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ojú yín ò sì gbọdọ̀ rí i, Mà."

"Ó ti rí i. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń rí i."

"Ẹ ò wá sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀rù irú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí ló bà mí."

Ó wolẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ ra ọ̀rá náà láìmọ̀. Mo kúnlẹ̀ tì í, eékún mi dùn mí, mo yọ ìwé náà jáde.

"Ìyá Labeebah, wọ́n kó ẹrù ọmọ mi lọ láìbi mí. Kì í ṣe èmi ni mo fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi fún ẹnì kan. Bí ìyá bá fún èèyàn ní nǹkan ọmọ rẹ̀, ṣé a ṣì lè pè é ní ti òkú?"

Mo na ìwé náà sí Labeebah, òun náà sì kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo fẹ́ gbàdúrà bí wọ́n ṣe kọ́ mi, kò bọ́ sí i. Ohun tí mo rí sọ ni pé: "Kí o kà á. Kí o dàgbà títí wọn yóò fi máa wí nípa tìrẹ náà pé, Ìyá ti gbàgbé."

"Àmín," ni Hidayat wí, kò pariwo. Lẹ́yìn náà ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ata sì wọ̀ ọ́ lójú, ó pariwo, Labeebah sáré bu omi. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó ní, "Ṣùgbọ́n kò ní sùn nínú ilé mi o, Mà. Ẹ má bínú."

"Ó lè máa sùn níbí."

Èmi àti Labeebah ka ibi tó kù títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́. Hidayat jókòó sí kọ̀ọ̀rọ̀ kan, ó ń ṣọ́ ìwé náà bí ẹni ń ṣọ́ ajá àlejò.

Ní Sátidé, mi ò lè jẹun. Mo gbé ìwé náà lọ síbi fèrèsé, mo ṣí i sí àwọn ojú ewé tí írésà ti kọjá, mo sì dà á ní ẹ̀gbẹ́ sí ìmọ́lẹ̀. Pẹ́ńsùlù ti lọ, àmọ́ ibi tó tẹ̀ ṣì jin díẹ̀. Mo rí g kan. Mo rí ìrù rẹ̀. Níbòmíràn mi ò rí nǹkan kan, bó ti wù kí n dà á tó. Àṣé ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ó rọra tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́.

Fóònù dún. Adétúnjí ni. Kí ni màá sọ fún un? Mo jẹ́ kó dún tán. Ó tún dún, mo fẹ́ẹ̀ má wò ó. Labeebah ni.

"Mọ́mì, a ti jáde. Wọ́n ní ká máa retí ìpè."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Wọ́n bi wá ní irú ti ọsàn! Mo fa ìlà méjì. Ẹni tó jókòó tì mí ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀, Mà, mi ò mọ̀ ọ́n rárá. Kò sí létí ìwé. Ṣé ẹ rò pé wọ́n á pè mí?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

"Èmi náà ò mọ̀. Èmi àti Màámi ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Mo gbé fóònù sórí ìwé, mo sì mọ̀ pé láti òní lọ, ìgbàkígbà tó bá dún ni àyà yóò máa já èmi náà. Mo dáná omi. Mo pa á. Mo tún dá a. Nígbà tó yá, mo gbọ́ bàtà lórí àtẹ̀gùn, lẹ́yìn náà ohùn Hidayat, ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń pariwo bí ẹni wà lọ́jà.

"Ìyá Bíyì! Ìyá Bíyì, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa o!"

Mo dúró láàárín pálọ̀. Ó tún pè é.

"Mo ń bọ̀," ni mo dáhùn.