Ilé Rọra ní Itele

Bí ẹ bá ń wá bíríkìlà tó mọṣẹ́ ní gbogbo Sáńgò, ẹ béèrè Fàlílù ará Ìwó. Ògiri tí Fàlílù bá mọ, ẹ gbé ẹyin adìyẹ sórí ẹ̀, kò ní yí síbì kankan. Ó ti mọlé fún olówó, ó ti mọlé fún àwọn tó ń ṣe bí olówó, fẹ́ǹsì ilé iṣẹ́ mẹ́rin ló sì mọ lójú títì ńlá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má béèrè èyí tó mọ fún ara ẹ̀ o, ìjà lẹ fẹ́ dá sílẹ̀ yẹn. Yàrá méjì ló háyà sẹ́yìn gáréèjì, òun àti Mùjídátù ìyàwó ẹ̀, àti Abísọ́lá ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì sí Itele lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó ṣe fáńdéṣọ̀n sí i, ó sì fi ọgbà náà sílẹ̀ fún koríko. Koríko wá ga ju èèyàn lọ nínú ibi tó yẹ kó jẹ́ pálọ̀.

Ẹnu ẹ̀ kì í ṣaláì ṣèlérí. Pákó tí Abísọ́lá máa máa to ìwé sí, "lọ́la." Jáńgílọ́fà tó máa so mọ́ igi máńgòrò, "lọ́la." Ọmọ náà ti béèrè títí, ó ti wá dákẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, ọmọ tó ń sunkún sàn ju ọmọ tó ti dákẹ́ lọ.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìjàpá odò dé. Sàlàkọ́, ará ilé wọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike, ló rí i nínú gọ́tà ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ wọn lẹ́yìn òjò ńlá kan. Ó gbé e wálé, ó fi í sínú báàfù ìfọṣọ, ibẹ̀ ló sì wà fún odindi ọdún kan. Abísọ́lá ló ń bá a wa ekòló, òun ló ń pààrọ̀ omi ẹ̀. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èyí ò nílé, Abísọ́lá ti sọ ọ́ lórúkọ. Rọra ló pè é.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, Sàlàkọ́ ní wọ́n ti gbé òun lọ sí Agbara, àti pé wọn ò gba ẹran ọ̀sìn nínú ilé tí wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀.

"Abísọ́lá, ìwọ ni mo fẹ́ fún," ló wí. "Ṣùgbọ́n báàfù kì í ṣe ilé. Ìyà tí mo fi jẹ ẹ́ ti tó. Ó fẹ́ omi tó lè lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀, ó fẹ́ ibi gbígbẹ tó ti lè yáàrùn, ó sì fẹ́ ìbòòji. Mo máa padà wá ní Sọ́ńdè kẹta sí òní. Bó bá ti nílé, ó di tìẹ. Bí kò bá ní, màá gbé e lọ fún ọ̀gá kan tó ń sin ẹja ní Agbara."

Fàlílù jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wá ojú ọmọ ẹ̀. Ọmọ ò wojú ẹ̀ rárá. Rọra ló ń wò, bí ẹni tó ti ń dágbére. Ó dun Fàlílù wọra.

"Sàlàkọ́, má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu," ló bá wí. "Ṣé bíríkìlà ni mí àbí èmi kì í ṣe bíríkìlà?"

Mùjídátù bú sẹ́rìn-ín níbi tó ti ń fọ abọ́. "Bíríkìlà ni yín, bàbá Abísọ́lá. Ilé onílé ló ń jẹ́rìí yín."

Ìyá onílé wọn ti ní òun ò fẹ́ rí ẹni tó máa gbẹ́ ilẹ̀ nínú ọgbà òun, ìbáà jẹ́ fún ìjàpá, ìbáà jẹ́ fún ọba. Itele ló kù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bí Fàlílù ṣe ṣíwọ́ níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, ó mú àdá, ó mú ọmọ ẹ̀ tó wà ní ọlidé, wọ́n wọkọ̀ dé Ọ̀tà, wọ́n gun ọ̀kadà wọ Itele. Nígbà tó rí ilẹ̀ ara ẹ̀, ojú tì í. Ewúrẹ́ méjì ló jáde látinú yàrá ẹ̀, wọ́n ń wò ó bíi pé òun ló ṣìnà.

Wọ́n ṣán koríko títí oòrùn fi rọ̀. Koríko ya Abísọ́lá lọ́wọ́, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí wọ́n ń lọ ló béèrè lóhùn kékeré pé, "Bàbá, ṣé a máa padà wá lọ́la?"

"A máa padà wá," ni Fàlílù wí, wọ́n sì padà wá. Wọ́n wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá lọ́jọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹrin, Abísọ́lá ló kọ́kọ́ wọ bàtà.

Kí ni Fàlílù wá ṣe? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ìjàpá tó kéré ju àwo ọbẹ̀ lọ, okùn ló ta fún un, ó fi lẹ́fẹ́lì wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó gbẹ́ ihò sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, apá kan jìn, apá kejì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ kí Rọra lè rìn jáde. Ó gbé òkúta pẹlẹbẹ kan sójú oòrùn, ó fi páànù àlòkù ṣe ìbòòji sápá kejì. Ó mọ búlọ́ọ̀kù yí gbogbo ẹ̀ ká nítorí ajá. Nígbà tó kan pílásítà, sìmẹ́ńtì tí àwọn èèyàn máa ń fi ṣe yàrá méjì ló pò fún odò kékeré yẹn. Ó ń dán bí àwo. Ó dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín sí iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà lẹ́bàá ibẹ̀, ọmọ bíbí ilẹ̀ yẹn, Ẹfúnróyè lorúkọ ẹ̀, Mọ̀mọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó ń sin ẹja àrọ̀. Ó yọjú wò wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń mọ búlọ́ọ̀kù.

"Ṣé ìwọ lo ra ilẹ̀ yìí?" ló béèrè. "Áà, mo ti rò pé o ti kú ni!"

"Mi ò kú o, Mọ̀mọ́. Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Iṣẹ́ ilé ta ni?" Mọ̀mọ́ bi í, kò dúró gbọ́ èsì, ó bá tiẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé tó ṣáájú Sọ́ńdè tí Sàlàkọ́ dá, iṣẹ́ parí. Wọ́n pọn omi láti inú kànga Mọ̀mọ́, wọ́n bù ú kún un. Lọ́jọ́ Sátidé, Fàlílù ki ọwọ́ bọ omi náà, ó rò ó, ó mirí. "Omi dáadáa ni," ló wí. Wọ́n gbé Rọra jáde nínú báàfù tí wọ́n fi gbé e wá, wọ́n fi í sí i.

Rọra yí po lẹ́ẹ̀kan, ó gun orí òkúta. Abísọ́lá gbé e padà sómi, ó tún jáde. Wọ́n tún gbé e padà, ó tún jáde, ó wá di ojú, ó ń fi ọwọ́ iwájú nu ojú náà.

"Àlejò ni," ni Fàlílù wí. "Ojú ń tì í ni."

Abísọ́lá ki ọwọ́ bọ omi kó lè bá a ṣeré, ló bá fà á yọ kíá. "Bàbá, ó ń ta mí! Ibi tí koríko tún ti ya mí láàárọ̀ ń ta mí! Omi yìí ń yọ̀ bí ọṣẹ."

Fàlílù ki ọwọ́ tiẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò mọ nǹkan kan lára. Ibẹ̀ ni Mọ̀mọ́ Ẹfúnróyè ti gbọ́ ariwo, ó sáré wọlé, ó wo omi, ó wo ìjàpá, ó kígbe.

"Yéè! Ta ló fi ẹranko sínú sìmẹ́ńtì tútù? Ẹ gbé e jáde! Ẹ fi omi kànga fọ ojú ẹ̀!"

"Mọ̀mọ́, mo fọwọ́ wò ó kí n tó gbé e sí i," ni Fàlílù wí.

"Ọwọ́ wo? Ọwọ́ bíríkìlà yìí?" Ó gba ọwọ́ ẹ̀ mú, ó yí i padà. "Ọgbọ̀n ọdún ni sìmẹ́ńtì ti ń jẹ ọwọ́ yìí. Ọwọ́ tó lè gbé ẹyin iná láìjó, òun lo fi ń tọ́ omi wò fún ọmọ ẹranko?"

Fàlílù wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ tó ti le, tó ti sán. Òun tó máa ń kìlọ̀ fáwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n má fi sìmẹ́ńtì sílẹ̀ lára! Ó wo Rọra tí kò tíì lajú.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni Mọ̀mọ́ wí, ohùn ẹ̀ ti rọ̀. "Ẹ da omi yìí nù. Ẹ gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ẹ jù ú sínú ẹ̀, ẹ bu omi tuntun lé e, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ dà á nù, ẹ tún ṣe òmíràn fún ọ̀sẹ̀ kejì. Bí àwa ṣe ń ṣe odò ẹja tuntun nìyẹn. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ á fa oró sìmẹ́ńtì jáde."

Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀! Ọ̀la ni Sàlàkọ́ ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wá sí Fàlílù lọ́kàn, ẹ má ṣe bí ẹni mímọ́. Ó rò ó pé kóun da omi yẹn nù, kóun bu tuntun sí i, kóun gbé Rọra síbẹ̀ fún wákàtí kan péré tí Sàlàkọ́ máa fi wò ó. Ta ló máa mọ̀? Ó wo ẹ̀yìn, ó rí Abísọ́lá tó kúnlẹ̀ ti báàfù, tó ń da omi díẹ̀díẹ̀ sójú Rọra, tó ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́." Nígbà tó yá, Rọra la ojú kan, ó la ìkejì. Fàlílù mú àdá, ó ní kí Mọ̀mọ́ fi igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ han òun.

Sàlàkọ́ dé Itele lọ́jọ́ Sọ́ńdè lórí ọ̀kadà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ ẹ̀ tuntun. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló bá lórí omi. Inú báàfù ló bá Rọra.

"Háà, bọ̀ọ̀dá Fàlílù," ló wí. "Inú báàfù náà la ṣì wà?"

Fàlílù nawọ́ sí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. "Ilé náà ò tíì ṣeé gbé," ló wí. "Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Mo gbé e sínú sìmẹ́ńtì tútù lánàá, díẹ̀ ló kù kí ojú ẹ̀ bàjẹ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Bó o bá fẹ́ gbé e lọ, o ò jẹ̀bi."

Abísọ́lá dìde, ó dúró síwájú báàfù. Omijé ti kún ojú ẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Sàlàkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ. Kì í ṣe lọ́la ti tẹ́lẹ̀ nìyí. Ojoojúmọ́ la ń wá síbí. Omi ń ta á lójú ni bàbá mi ṣe ní ká dúró."

Fàlílù yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ tó ti bí ọmọ yìí, kò tíì gbọ́ kó gbèjà òun rí, kò sì fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun.

Sàlàkọ́ kọjá lára wọn. Ó wọ inú ibẹ̀, ó fọwọ́ pa ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ wo òkúta, ó wo páànù. "Ọdún kan ni mo fi sin ín," ló wí nígbẹ̀yìn, "òkúta kan ṣoṣo mi ò gbé sí i fún un. Èmi ò gbé nǹkan kan lọ. Abísọ́lá, tìẹ ni."

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Gbogbo wọn ló wá lọ́jọ́ náà, Mùjídátù gbé kúlà móínmóín dání, ó ní òun ò gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń ṣílé lẹ́nu gbígbẹ. Omi tuntun ti kún odò. Fàlílù ò ki ọwọ́ tiẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó ní, "Abísọ́lá, bá wa wò ó." Abísọ́lá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá, ó kà dé ogún, ó ní, "Kò ta mọ́, kò yọ̀ mọ́."

Wọ́n gbé Rọra sétí omi. Ó na ọrùn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ló bá yọ́ wọlé. Ó rì lọ sísàlẹ̀, ó yọ lápá kejì, ó lúwẹ̀ẹ́ yípo lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gun òkúta, tó la ojú méjèèjì sí oòrùn. Abísọ́lá ń fò sókè, Mọ̀mọ́ Ẹfúnróyè ń pàtẹ́wọ́, Mùjídátù ń rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

"Ẹ wò ó o!" ló wí. "Ìjàpá ló kọ́kọ́ di lándílọ́ọ̀dù nínú wa!"

"Èmi á máa bá yín fún un lóúnjẹ," ni Mọ̀mọ́ wí, "ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ọdún mẹ́sàn-án o."

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Abísọ́lá wá jókòó ti bàbá ẹ̀ lórí fáńdéṣọ̀n. "Bàbá," ló wí, "nígbà wo la máa kó wá bá Rọra?"

Fàlílù lanu. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn ti dé ètè ẹ̀ kó tó pa ẹnu dé. Ó wo búlọ́ọ̀kù mẹ́rìnlá tó ṣẹ́kù lára ti Rọra. Ó dìde, ó fa okùn ìwọnlẹ̀ jáde nínú àpò ẹ̀, ó na etí kan sí ọmọ náà.

"Di ibí mú dáadáa," ló wí. "Yàrá tìẹ la máa kọ́kọ́ mọ."