Ẹ̀rọ Tí Kì í Kí Èèyàn

Látọjọ́ tí Ìyá Kọ́lájọ ti fi oko obì rẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀rà, tó wá tọ́jú Bùsọ́lá ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Ìlá, ẹnu rẹ̀ kò sinmi. Òun ló ń pọn omi, òun ló ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ, òun ló ń wẹ Bọ́lárìnwá ìkókó. Bí ará àdúgbò bá sì yọjú, òun náà ló ń dá wọn lóhùn.

"Ẹ kú ewu ọmọ o. Ìyá ọmọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́! Ara ẹ̀ le koko!"

Bùsọ́lá a jókòó ti ìyá rẹ̀ bí àlejò, a máa wo ògiri.

Òun náà ló ń dá ẹ̀rọ lóhùn. Fóònù Bùsọ́lá ti bọ́ sómi kó tó bímọ, nọ́ńbà ìyá rẹ̀ ni wọ́n gbà sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú aláboyún. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀rọ ilé ìtọ́jú náà ń fi ohùn obìnrin pè, tí yóò máa béèrè bí ọkàn abiyamọ ṣe rí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n tẹ oókan. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n tẹ eéjì.

Nígbà àkọ́kọ́, ìyá dúró kí obìnrin náà kí òun. Kò kí i.

"Ǹjẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ọmọ ta ni ìwọ? O ò kí àgbà, ẹ̀rín lò ń béèrè?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ oókan tàbí eéjì."

Ó bú u, ó bú baba tó bí i, kó tó yé e pé kì í ṣe èèyàn. Ó wá fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú nídìí rẹ̀. "Yéè, èmi arúgbó yìí! Irin ni mo ń bá jà!" Ó sì tẹ gbogbo èyí tó dáa. Ta ni yóò gbé ọ̀rọ̀ burúkú sẹ́nu nípa abiyamọ? Ẹ̀rọ ní kò sí ìṣòro, inú ìyá dùn bí ẹni tó yege ìdánwò.

Síbẹ̀, nǹkan kan ò yé e. Ọmọ á máa ké, wàrà á máa ro sí Bùsọ́lá láṣọ, òun á kàn máa wo ọmọ náà bí ẹrù ẹlẹ́rù ní gáréèjì. Ìyá se ẹ̀kọ, kò mu ún. Ó jó fún un, ó ju ìdí sọ́tùn-ún sósì, kò rẹ́rìn-ín. Ṣé àárẹ̀ ni? Ṣé ọkọ tó wà n'Íbàdàn ló fà á? Àbí òun gan-an ló ṣẹ̀ ẹ́? Orí ìyá dàrú.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ tún pè, ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ wà lórí itan rẹ̀.

"Bùsọ́lá, gbé e, ṣí sípíkà ẹ̀. Wá wo bí màmá ẹ ṣe ń yege!"

"Ǹjẹ́ ẹ máa ń sunkún láìnídìí?" ni ẹ̀rọ wí.

"Eéjì. Tẹ eéjì."

Bùsọ́lá kò tẹ ẹ́.

"Tẹ eéjì, ọmọ yìí, kó má baà já!"

"Oókan ni, Màámi."

"Oókan kẹ̀? Ìgbà wo lo sunkún?"

"Bí ẹ bá ti lọ pọn omi."

Ẹ̀rọ kò dúró dè wọ́n. "Ǹjẹ́ ó ti wá sí yín lọ́kàn láti pa ara yín lára?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ!" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ kí àwọn jọ rín in. Bùsọ́lá ti tẹ oókan.

Ìyá nawọ́ sí fóònù. "Pa á rẹ́! Bùsọ́lá, pa á rẹ́! O ṣì í tẹ̀ ni!"

"Mi ò ṣì í tẹ̀. Òun ló bi mí."

"Èmi ò bi ọ́ ni? Ojoojúmọ́ kọ́ ni mò ń bi ọ́?"

"Ẹ ń bi mí, Màámi. Ẹ̀yin náà lẹ sì ń dáhùn."

Ìyá wo ọmọ orí itan, ó wo ọmọ tó mú fóònù dání, kò mọ èwo ni kó kọ́kọ́ gbá mọ́ra.

Kò pẹ́ tí fóònù tún dún. Ó fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ já a gbà. "Ìwọ irin yìí, fi wá lọ́rùn sílẹ̀!"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì Purity ni, láti ilé ìtọ́jú."

Ìkíni yìí bá ìyá lójijì. "A dú..." ló ti dé ètè rẹ̀; ó gbé e mì.

"Mà, ìdáhùn tí wọ́n tẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa, mo fẹ́ bá ìyá ọmọ fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ti ń bọ̀ lórí ọ̀kadà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan."

Ìyá gbé fóònù fún Bùsọ́lá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Bọ́lárìnwá tọ̀ sí i láyà ṣùúrù. Lọ́jọ́ mìíràn ì bá pariwo títí dé Ọ̀rà. Kò mira. Bùsọ́lá ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń sunkún, ó ń sọ ohun tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́ rí. Ìdajì rẹ̀ kò yé ìyá. Ó ń gbọ́ ọ ṣá.

Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìró ọ̀kadà lókèèrè ni obìnrin ilé kejì ké láti ẹ̀yìn ògiri: "Ìyá Kọ́lájọ! Ìyá ọmọ ńkọ́?"

Ìyá Kọ́lájọ yanu, ó pa á dé.

"Ẹ dúró ná," ó wí, ó sì yíjú sí Bùsọ́lá. "Ẹ jẹ́ kí n bi í."